Ẹ Jẹ́ Kí Ẹtù Hàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Títún Àwòrán Tẹlifíṣọ̀n Ilé Ṣe fún Wíwo Fíìmù

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùfẹ́ fíìmù ní Ilé-Ifẹ̀

Ẹ̀yin àgbà tó wà níkàlẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ti Fásitì wá, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín ní Lágéré kẹ́ ẹ tó máa bọ̀, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àìsinmi. A kì í wà ní Ifẹ̀ Oòdáyé, ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, ká máa sọ ìsọkúsọ nípa ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ mi lónìí: ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ojú tẹlifíṣọ̀n jáde, tó ń wọ ojú wa nínú pálọ̀ lálẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Nínú gbogbo wa tó wà níbí, ta ló ti wọ ibi tí wọ́n kọ “Picture Mode” sí rí, látọjọ́ tó ti ra tẹlifíṣọ̀n rẹ̀? Ẹ nawọ́ sókè kí n rí yín. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin náà rí i pé ọwọ́ tó wà lókè kò pọ̀. A ra nǹkan lówó gọbọi, a gbé e délé, a so wáyà mọ́ ọn, a bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí wọ́n ṣe gbé e fún wa. Bí wọ́n ṣe gbé e fún wa yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ wá.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwòrán tí tẹlifíṣọ̀n yín ń gbé jáde kọ́ ni àwòrán tí ẹni tó ṣe fíìmù náà fi ránṣẹ́ sí yín. Àwòrán ọjà títà ni. Ṣùgbọ́n àwòrán tòótọ́ wà nínú rẹ̀, rìmóòtù tó wà lọ́wọ́ yín lè yọ ọ́ síta, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ló dé tí ti ṣọ́ọ̀bù fi ń dán tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n á tò wọ́n sára ògiri láti òkè dé ilẹ̀, iná funfun á máa tàn yòò lórí wọn, oòrùn á tún máa gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Èyí tó bá rọra ń ṣe jẹ́jẹ́ níbẹ̀, ta ni yóò wò ó? Bí alátẹ ṣe ń kígbe ju alátẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ kí oníbàárà lè yà sọ́dọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣe tirẹ̀. Wọ́n á gbé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ dé góńgó. Wọ́n á da búlúù mọ́ funfun kó lè dà bíi pé ó mọ́. Wọ́n á jẹ́ kí pupa máa ta yẹ̀rìyẹ̀rì. “Vivid” ni wọ́n ń pe ètò yìí lórí àwọn kan, “Dynamic” lórí àwọn mìíràn. Fún ọjà títà, ó dáa. Fún fíìmù wíwò nínú pálọ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ó burú. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Ibo wá ni àwòrán tòótọ́ ti wá? Nígbà tí wọ́n bá ya fíìmù tán, ẹnì kan wà tó máa jókòó nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kéré, níwájú ẹ̀rọ àwòrán tí wọ́n ti wọ̀n dáadáa, tí yóò máa tún àwọ̀ fíìmù náà ṣe láti ìran kan dé ìran kejì. Òun ló ń pinnu bí òru yóò ṣe dúdú tó, bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ yóò ṣe pọ́n tó, bí ojú òṣèré yóò ṣe rí nígbà tó bá ń sunkún lẹ́bàá fìtílà. Kì í sì í ṣe é bó ṣe wù ú. Òdiwọ̀n wà. Ní 1990 ni ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ètò ìbánisọ̀rọ̀, gbé òdiwọ̀n tí wọ́n ń pè ní Rec. 709 kalẹ̀ fún àwòrán HD. Ó sọ irú pupa, irú àwọ̀ ewé àti irú búlúù tí gbogbo ayé yóò lò. Ó sọ irú funfun pàápàá: D65 ni wọ́n ń pè é, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ló jọ, 6500 ni nọ́ńbà rẹ̀ lórí ìwọ̀n Kelvin. Ìmọ́lẹ̀ tó ga jù lójú ẹ̀rọ àwòrán nínú yàrá iṣẹ́ yẹn, nǹkan bíi 100 nits ni; nits ni wọ́n fi ń wọn bí ojú ẹ̀rọ ṣe ń tàn tó. Tẹlifíṣọ̀n tó wà lórí “Vivid” lè tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ wá wò ó. Oníṣẹ́ yẹn ìbáà wà ní Èkó, ìbáà wà ní Mumbai, ìbáà wà ní Los Angeles, òdiwọ̀n kan náà ni. Bí tẹlifíṣọ̀n wa ní Ifẹ̀ níbí bá bá òdiwọ̀n náà mu, ohun tó rí la máa rí. Bí kò bá bá a mu ńkọ́? Fíìmù mìíràn là ń wò.

Ẹ̀yin àgbà á rántí nọ́bù tó wà lára tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Láti ọjọ́ tí Western Nigeria Television (WNTV) ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, tí àwòrán ṣì jẹ́ dúdú àti funfun, ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n mọ bí wọ́n ṣe ń yí nọ́bù títí ojú èèyàn yóò fi hàn dáadáa. Àwa tá a ní ohun àtúnṣe tó ju tiwọn lọ fíìfíì, a ò fọwọ́ kàn án. Ó ń dùn mí.

Ibi tá a ó ti bẹ̀rẹ̀

Ohun àkọ́kọ́ ló rọrùn jù, òun náà ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹ wọ “Settings”, ẹ wọ “Picture”, ẹ wá “Picture Mode”. Ẹ kúrò lórí “Vivid”, ẹ kúrò lórí “Standard”, ẹ bọ́ sórí “Movie” tàbí “Cinema”. Bí tẹlifíṣọ̀n yín bá jẹ́ tuntun díẹ̀, ẹ lè rí “Filmmaker Mode” níbẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n kéde ìyẹn. Àwọn tó ń ṣe fíìmù àti àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n ló fìmọ̀ ṣọ̀kan pé bọ́tìnnì ẹyọ kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò pa gbogbo àfikún tí ẹ̀rọ ń ṣe sí àwòrán. Bí ẹ bá rí i, ẹ lò ó.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo “Colour Temperature”. Ẹ gbé e sórí “Warm”. Bí “Warm 1” àti “Warm 2” bá wà, “Warm 2” ló sábà máa ń súnmọ́ D65 jù.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní, “Ẹ̀gbọ́n, àwòrán ti pọ́n! Ó ti di àwọ̀ ìyeyè!” Ojú yín ló ti mọ́ búlúù lára. Ẹ fún un ní ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má yí i padà, ẹ kàn máa wò ó. Tó bá tó ọjọ́ mélòó kan, ẹ dá a padà sórí “Cool” fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ó rí i bí funfun yẹn ṣe ń ṣe bíi yìnyín. Ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù.

Dúdú ni ìpìlẹ̀

Níbí ni mo ti fẹ́ jókòó tì yín díẹ̀, torí òun lọ̀pọ̀ èèyàn kì í ṣe dáadáa.

Bàbá kan wà tó ń ta aṣọ òkè nílùú yìí. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé tẹlifíṣọ̀n àwọn ti bàjẹ́. Mo dé ibẹ̀, mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Bàbá ní kí n jókòó. Wọ́n tan fíìmù kan, ìran ìgbéyàwó ni, wọ́n nàka sí ọkùnrin kan tó wọ agbádá. Wọ́n ní, “Kí lo rí?” Mo ní, “Agbádá dúdú ni, sà.” Bàbá mirí. Wọ́n ní, “Ẹtù ni. Mo mọ bí ẹtù ṣe ń dúró lára èèyàn. Ṣùgbọ́n níbo ni ìlà rẹ̀ wà?”

Òótọ́ ni bàbá sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ẹtù, ẹ mọ̀ pé aró rẹ̀ jinlẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúdú, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ aláró fẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín aró yẹn àti dúdú gidi kò tó nǹkan. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn gan-an ni tẹlifíṣọ̀n bàbá gbé mì. A tún un ṣe níjokòó, ìlà jáde. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó jọ pé wọ́n mọ ẹni tó hun ún.

Báwo la ṣe ṣe é? Ẹ tan ìran kan tí wọ́n yà lóru tàbí nínú ilé tó ṣókùnkùn. Ẹ pa iná pálọ̀. Ẹ wá ohun tó ń darí dúdú. Ẹ fetí sílẹ̀ o, torí orúkọ rẹ̀ máa ń da èèyàn láàmú. Lórí tẹlifíṣọ̀n tó pẹ́ díẹ̀, “Brightness” ló ń darí dúdú, “Backlight” ló sì ń darí bí iná ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ń tàn tó. Lórí àwọn tuntun kan, irú bíi ti Sony, “Brightness” ti di iná ẹ̀yìn, “Black level” ló wá ń darí dúdú. Nítorí náà, ẹ má fi orúkọ ṣe é, ẹ fi ojú yín ṣe é: èyí tó bá jẹ́ pé ibi tó ṣókùnkùn nínú àwòrán ló ń yí padà jù, òun là ń wá.

Ẹ fà á wálẹ̀ títí irun orí òṣèré àti aṣọ dúdú ọrùn rẹ̀ yóò fi di ọ̀kan náà. Wàyí o, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e padà sókè, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Ibi tí irun bá ti yàtọ̀ sí aṣọ, tí ìlà ẹtù bá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fara hàn, ẹ dúró. Ẹ wo ọ̀pá dúdú gbọọrọ méjì tó máa ń wà lókè àti nísàlẹ̀ fíìmù. Bí ìyẹn bá ti ń di eérú, ẹ ti kọjá ààlà, ẹ dín in kù.

Ti funfun, léèsì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ wá ìran tí ìyá kan ti wọ léèsì funfun nínú oòrùn. Ẹ gbé “Contrast” sókè títí ihò àti òdòdó ara léèsì yẹn yóò fi parẹ́, tí aṣọ yóò di pẹlẹbẹ funfun kan ṣáá. Lẹ́yìn náà, ẹ fà á wálẹ̀ títí gbogbo òdòdó yóò fi padà. Ibẹ̀ ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é bí oníṣẹ́, àwòrán àyẹ̀wò wà lófẹ̀ẹ́ lórí YouTube. Èyí tí wọ́n ń pè ní PLUGE, ọ̀dọ̀ BBC ló ti ṣẹ̀. Ó ní ọ̀pá dúdú mélòó kan: èyí tó dúdú ju dúdú lọ kò gbọdọ̀ hàn, èyí tó fi díẹ̀ mọ́lẹ̀ ju dúdú lọ gbọdọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa hàn.

Ohun kan tún wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Nínú fíìmù, nọ́ńbà dúdú bẹ̀rẹ̀ láti 16, ti funfun sì parí sí 235. Kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀ máa ń ka 0 dé 255. Bí ẹ bá so láptọ́ọ̀pù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí ọ̀kan ń sọ ti 16 tí èkejì ń gbọ́ ti 0, àwọn méjèèjì kò ní yé ara wọn: yálà kí gbogbo òru di eérú, tàbí kí gbogbo òjìji di èédú. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ “HDMI Black Level” tàbí “RGB Range” sí, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì wà lórí ohun kan náà. Fún fíìmù, “Limited” tàbí “Low” ló sábà máa ń tọ̀nà.

Àwọ̀ ara wa

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún yín. Láyé fíìmù tí wọ́n ń fọ̀ nínú omi, Kodak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù fọ́tò, máa ń fún àwọn ilé ìfọ̀tò ní káàdì kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá àwọ̀ fọ́tò dára. “Shirley” ni wọ́n ń pe káàdì yẹn. Òyìnbó obìnrin ló wà lórí rẹ̀. Bí àwọ̀ obìnrin yẹn bá ti dára, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ènìyàn dúdú tó bá wà nínú fọ́tò kan náà ńkọ́? Ojú àti eyín nìkan ló máa ń hàn. Ohun tó sì ń dun èèyàn jù níbẹ̀ ni pé igbe àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi, tí ọjà wọn kò hàn dáadáa nínú fọ́tò, ló mú kí wọ́n tètè tún fíìmù náà ṣe kó lè gba àwọ̀ dúdú.

Kí ló dé tí mo fi sọ ọ́? Torí pé lónìí, àwọn tó ń ya fíìmù nílẹ̀ wa mọ bí wọ́n ṣe ń tanná sí awọ ara dúdú. Èèyàn bíi Túndé Kèlání, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kámẹ́rà láti ìgbà WNTV, fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ yìí. Awọ ara dúdú kì í ṣe àwọ̀ kan ṣoṣo. Pupa wà nínú rẹ̀, àwọ̀ osùn wà nínú rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé máa ń jókòó sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Kí wọ́n wá ṣe gbogbo ìyẹn tán, kó wá dé pálọ̀ wa, ká fi “Vivid” pa á rẹ́! Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ dá “Colour” padà sí ibi tí “Movie” gbé e sí, tó sábà máa ń jẹ́ 50. “Tint”, ẹ fi sí àárín. Ẹ pa “Dynamic Contrast”, ẹ pa “Colour Enhancer”, àti “Skin Tone” bó bá wà níbẹ̀. Kí ẹ wá wo ojú òṣèré tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa. Bí awọ rẹ̀ bá ń ṣe bí osàn tó pọ́n, àwọ̀ ti pọ̀ jù. Bó bá ń ṣe bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ó ti kéré jù. Ẹ fi òṣùwọ̀n òtítọ́ wọ̀n ọ́n: ẹ wo ojú ẹni tó jókòó tì yín nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kẹ́ ẹ tún wo ti inú fíìmù.

“Sharpness” àti ìrìn àwòrán

Gbogbo wa la mọ àwọn orí idẹ Ifẹ̀, àwọn tí wọ́n hú nílẹ̀ ní Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ẹni tó bá ti dé ilé musíọ́ọ̀mù ní Ẹnuwá rí á mọ̀ pé ojú àwọn kan nínú wọn kún fún ìlà fínnífínní tó ti iwájú orí sọ̀ kalẹ̀ dé àgbọ̀n. Ẹ gba fọ́tò ọ̀kan tó mọ́ dáadáa, ẹ fi sínú fílàṣì, ẹ ki fílàṣì náà bọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ wá gbé “Sharpness” dé òkè pátápátá.

Kí lẹ rí? Ìlà kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Etí orí náà ti gbé òrùka ìmọ́lẹ̀ kan wọ̀. Ẹni tó ṣe ère yẹn kò fi wọ́n síbẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ló fà wọ́n fúnra rẹ̀. Ẹ fà á wálẹ̀ títí ìlà funfun yẹn yóò fi lọ. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, 0 tàbí ibi tó súnmọ́ ọn ni. Ti Sony yàtọ̀, 50 ni ti wọn, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ kì í ti fi kún un, tí kì í sì í yọ nínú rẹ̀.

Ti ìrìn àwòrán ńkọ́? Láti ìgbà tí ohùn ti wọ inú sinimá, ní ìparí àwọn ọdún 1920, àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni fíìmù ń rìn. Ẹ̀rọ òde òní á wá máa ro àwòrán tirẹ̀, á máa fi sáàárín èyí tí wọ́n yà. LG ń pe tiwọn ní “TruMotion”, Sony ní “Motionflow”, Samsung ní “Auto Motion Plus” tàbí “Picture Clarity”. Òun ló ń jẹ́ kí fíìmù ńlá máa rìn bí eré orí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi kámẹ́rà fídíò yà. Ní oṣù Kejìlá 2018, Tom Cruise, òṣèré Amẹ́ríkà, fúnra rẹ̀ ṣe fídíò, òun àti Christopher McQuarrie tó ń darí fíìmù, wọ́n ń bẹ gbogbo ayé pé kí wọ́n pa á. Ẹ pa á. Bí àwọn ọmọ bá fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, ẹ lè fi sílẹ̀ fún wọn lórí “Sports”, ìyẹn ò burú.

Pálọ̀ àti iná

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá níbí. Ọ̀pọ̀ wa ló gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sókè ògiri, ó kù díẹ̀ kó kan àjà. Ọrùn á máa dunni, àwòrán LED púpọ̀ sì máa ń ṣá téèyàn bá wò ó láti ìsàlẹ̀. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí àárín rẹ̀ lè dọ́gba pẹ̀lú ojú ẹni tó jókòó. Fún fíìmù, èyí tó jẹ́ ìnṣì 43, nǹkan bíi mítà kan àti mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín yín. Èyí tó jẹ́ 55, mítà méjì lé díẹ̀. Ẹ fa kọ́tìnì bó bá jẹ́ ọ̀sán. Lálẹ́, bí òkùnkùn biribiri kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi iná kékeré funfun sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kó máa tan sára ògiri. Kó má tan sí ojú yín, kó má sì tan sí ojú tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé iná tó wálẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwòrán ṣókùnkùn. Ẹ wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n yín. Lórí ọ̀pọ̀ ti òde òní, wọ́n kọ 100 sí 240 fóòtì síbẹ̀. Láàárín ìyẹn, àwòrán kì í yí padà. Iná tó bá já wọlé lójijì ni ẹ bẹ̀rù, òun ló ń jó ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ sitẹbiláísà kúrò. Bó bá jẹ́ pé àwòrán kàn ń mọ́lẹ̀, tó ń ṣókùnkùn fúnra rẹ̀, “Eco” tàbí “Power Saving” ló sábà máa ń ṣe é. Ẹ pa á nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo fíìmù.

Ó ku méjì. Ètò tẹ́ ẹ bá ṣe sórí ihò HDMI 1 lè má dé HDMI 2 lórí àwọn tẹlifíṣọ̀n kan, bẹ́ẹ̀ ni fíìmù HDR, ìyẹn èyí tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn rẹ̀ jìnnà síra ju ti fíìmù lásán lọ, máa ń ní ètò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní dẹ̀kóódà lójú ihò kan, tẹ́ ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ òmíràn, ẹ máa ṣe é lójú kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ fi fóònù ya gbogbo ojú ìwé ètò yẹn, kẹ́ ẹ lè rí i dá padà bí ọwọ́ ọmọdé bá kàn án.

Tẹlifíṣọ̀n tó wà lẹ́yìn mi yìí, bí wọ́n ṣe tú u nínú páálí lówùúrọ̀ ló wà. Rìmóòtù rèé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú, ọkùnrin tàbí obìnrin, kó máa bọ̀ níwájú, a ó jọ ṣe é lójú gbogbo ilé. Lẹ́yìn ìyẹn la ó gba ìbéèrè.